"Alárinà" ni, kì í ṣe "ohun ìrékọjá"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹni tó kọ̀wé lánàá ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi túmọ̀ iṣẹ́ Donald Winnicott, dókítà àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, onímọ̀ ọkàn, tó kú ní 1971. Òǹkọ̀wé náà dábàá "eré ìdárayá" fún eré ọmọdé, ó sì pe aṣọ tàbí ìrọ̀rí tí ọmọ ọwọ́ kì í jọ̀wọ́ rẹ̀, èyí tí Winnicott pè ní "transitional object", ní "ohun ìrékọjá". Ẹ dákun, mi ò gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá ti ka Ẹ́kísódù rí, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn lára òpó ilẹ̀kùn ni "ìrékọjá" yóò mú wá sọ́kàn rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan, ọmọ ọdún méjì, ọ̀já tí wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n ló fi ń sùn, a máa fi etí rẹ̀ ra imú. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ fọ̀ ọ́, ó sá a. Ọmọ gbóòórùn ọṣẹ, ó jù ú nù, ó figbe bọnu títí ilẹ̀ fi ṣú. Winnicott ti sọ èyí nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1953: ìyá a máa jẹ́ kó dọ̀tí, kó máa rùn, torí bí ó bá fọ̀ ọ́, nǹkan já lọ́kàn ọmọ. Ó ní a kì í bi ọmọ pé ṣé ìwọ lo dá a ni àbí o bá a nílẹ̀. Ọ̀já náà kì í ṣe ìyá, kì í ṣe ọmọ, àárín àwọn méjèèjì ló wà. Kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé wa? Alárinà. Tó bá sì yá, ọmọ kì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kì í gbàgbé rẹ̀, kò kàn ní nǹkan án fi ṣe mọ́. Bí aya bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba. "Nǹkan alárinà" ni tèmi.

Eré ìdárayá ńkọ́? Ìyẹn ní òfin. Èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́: bọ́ọ̀lù là ń gbá, ayò là ń ta, eré là ń ṣe. "Ìṣeré" tó.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú tó fi kádìí lẹ́tà rẹ̀, pé àwọn olóṣèlú ń bá wa ṣeré, ló dùn mọ́ mi jù. "Bá ṣeré" kì í ṣe "fi ṣeré". Ẹni tó bá mi ṣeré gbà pé èmi náà wà níbẹ̀. Ẹni tó fi mí ṣeré ti sọ mí di ọmọlangidi. Ní Kétu, lóru Ẹ̀fẹ̀, Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á kọrin bú aláṣẹ àti oníwàkiwà lójú ọjà, wọn kì í sì í torí ìyẹn mú un. Ṣé àwàdà ni àbí òótọ́? A kì í bi í, bí a kì í ti í bi ọmọ tó ní ọ̀já.

Ní 1950, Winnicott kọ̀wé lórí ìjọba tiwantiwa, ó ní ìbò ìkọ̀kọ̀ ni ọkàn rẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn ènìyàn jáde, kódà èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò tí ì rò já. Lójú ọpọ́n Ifá ẹ̀wẹ̀, ìbò ni owó ẹyọ àti egungun tí ẹni tó wá dífá pa mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ kí babaláwo tó béèrè pé ọwọ́ wo. Nítorí náà "ìbò ìkọ̀kọ̀" jọ àsọtúnsọ lójú mi, ìkọ̀kọ̀ ti wà nínú ìbò. Dìbò-kóo-sebẹ̀, ìyẹn fífi owó ra ìbò, tí gbogbo wa gbọ́ ní Èkìtì ní 2018 ńkọ́? Ẹni tó ṣí ìwé ìbò han aṣojú ẹgbẹ́ kó lè gbowó, wọ́n ti fi ṣeré.

Ó ku ìyá tí Winnicott sọ pé kò ní láti pé, kó ṣáà ti tó. "Ìyá tó tó" ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo kà á sókè, ẹ̀gbọ́n mi tó wà nítòsí dá mi lóhùn pé, "Tótó ó ṣe bí òwe." Ẹ bá mi wá òmíràn.