Gbẹ́rẹ́ kọ́ ni wọ́n ń sín sí erìgì

Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń wá fún iṣẹ́ abẹ ẹnu, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká pe ibi tí dókítà eyín fi abẹ là lára erìgì ní "gbẹ́rẹ́ erìgì". Mi ò fara mọ́ ọn. Gbẹ́rẹ́ kì í kọjá awọ: a sín in wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a fi oògùn ra á, ó parí. Abẹ ti erìgì (abẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 15 ni wọ́n sábà ń lò) gbọ́dọ̀ kan eegun ní fífà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ń sín in díẹ̀díẹ̀, etí ọgbẹ́ á di jákujàku, awọ fẹ́lẹ́ tó bo eegun á fà ya nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i, ẹnu á sì wú. "Ìlà abẹ" ni tèmi. "Ojú abẹ" kò dáa, torí ẹnu abẹ fúnra rẹ̀ ni ẹlòmíì máa gbọ́.

Ẹran erìgì tí wọ́n ṣí kúrò lórí eegun ló le jù láti sọ lórúkọ. "Ewé erìgì" tí ẹnìkan dábàá dùn létí, àmọ́ ìdí ewé a máa tín-ín-rín. Ìdí ti èyí gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé etí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ewé rò ó á gé e ní ìdí tóóró, etí rẹ̀ á dúdú, á kú. Mo fara mọ́ "abala ìṣí", ká lè sọ ìdí abala àti etí abala.

Ẹ wò ó bí àlàyé ṣe rọrùn: ìlà abẹ olóròó (èyí tó dúró lóòró) kò gbọ́dọ̀ gba àárín iwájú eyín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ erìgì lè sún kúrò kí gbòǹgbò hàn, kò sì gbọ́dọ̀ la ṣóńṣó erìgì tó wà láàárín eyín méjì. Igun eyín, níbi tí iwájú eyín ti pàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni kó gbà. Etí abala gbọ́dọ̀ sùn lé eegun tó dá ṣáká, kó jìnnà tó nǹkan bí mìlímítà 6 sí 8 sí ihò tí wọ́n gbẹ́ sí eegun. Bó bá wà lórí ihò, á jìn sínú rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n rán á sì lanu. Òwú tí wọ́n fà le jù náà ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà.

Ẹ má sì kọ "egbò" sínú ìwé tí wọ́n ń fún aláìsàn. Ọgbẹ́ ni èyí tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, òun ni wọ́n ń yọ òwú rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Bó bá lanu tí eegun hàn síta tí kò jiná, ìgbà yẹn la tó lè pè é ní egbò.

"Ṣóńṣó erìgì" nìkan ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ní èyí tó sàn jù?