Chang Jiang 750 ti 1966, ṣé kí n rà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, mo rí alùpùpù ológun tó ní ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Shanghai níbí. Iná bátìrì 6V ló ń lò, kíìkì ló fi ń jí. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán jù lójú mi.

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti férémù ńkọ́? Àkójọ ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn.

Èsì: Irú Chang Jiang tí wọ́n ń pè ní M1M ni kẹ́ ẹ wá: iná 12V ló ń lò, ó ní sítátà, ó sì ní rifáàsì. Ẹ gbìyànjú àtifi ọwọ́ ti irú ẹrù yẹn sẹ́yìn ní ọ̀nà tóóró, ẹ ó gbà pé rifáàsì kì í ṣe fáàrí.

Olùbéèrè: Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà férémù! Mo ti bá tèmi lọ.