Lórí "okùnfà", "àtubọ̀tán" àti àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìwádìí àrùn rọpárọsẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àkúrẹ́.

Mo ti ka àbá tí ọ̀gá wa tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ìlú Oǹdó fi ránṣẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa lò nínú ìwé ìwádìí nípa àrùn rọpárọsẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ohun tó ń dààmú àwa tí a máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí etí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni wọ́n dáwọ́ lé. Àbá wọn ni pé kí a pe àrùn náà fúnra rẹ̀ ní "ìkọlù ọpọlọ". Kí a pe àwọn nǹkan bí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá mímu ní "okùnfà" rẹ̀. Kí a pe àwọn àìsàn mìíràn tó máa ń gorí rẹ̀ ní "ìdíjú àrùn". Kí a sì pe ipò tí aláìsàn bá wà nígbẹ̀yìn ní "àtubọ̀tán". Arábìnrin wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fèsì pé kí a kúkú gbé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn mẹ́rin yìí dúró fún, ìyẹn "stroke", "risk factor", "complication" àti "outcome", wọlé, kí a kàn máa kọ wọ́n bí Yorùbá ṣe ń pè wọ́n. Èmi kò lè bá a gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí tẹ́lẹ̀ kò ní tìtorí pé a fi àmì ohùn sí i lórí kó wá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún jù nínú gbogbo rẹ̀ ni "okùnfà", ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí.

Okùnfà ni ohun tó fa nǹkan, tí nǹkan náà ì bá má ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí i. Ohun tí àwọn oníwádìí ń wá yàtọ̀ sí èyí. Nǹkan tó jẹ́ pé bí ó bá wà lára ènìyàn, ó ṣeé ṣe kí àrùn náà mú un ju ẹni tí kò ní in lọ ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru títí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n sì lọ sílé, tí apá kan wọn kò rọ rí. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń rí ẹni tí kì í mu sìgá, tí kò sanra, tí àrùn náà sì mú un.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwádìí kan tó súnmọ́ wa gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n ń pè ní SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, jáde ní ọdún 2018 nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn The Lancet Global Health. Wọ́n fi aláìsàn 2,118 wé ènìyàn 2,118 tí kò ní àrùn náà, wọ́n sì rí nǹkan 11 tí ènìyàn lè yí padà, tí gbogbo wọn lápapọ̀ lọ́wọ́ nínú ìdá 98.2 nínú 100 àrùn náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ní ìdá 90.8, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò wà bó ṣe yẹ ní 35.8, ẹran jíjẹ déédéé ní 31.1, ìtọ̀ ṣúgà ní 22.1, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó ní 18.2, másùnmáwo ní 11.6, iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ tó ti jinná ní 5.3. Ẹni tó bá ro àwọn méjì àkọ́kọ́ pọ̀ yóò rí i pé wọ́n ti ju 100 lọ kí a tó kan ẹran. Kì í ṣe pé ìṣirò wọn ṣì. Ẹnìkan ṣoṣo lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan á sì máa ran èkejì lọ́wọ́, kò sì sí bí a ṣe lè pín ẹ̀bi àárín wọn bí ẹni pín ẹran iléyá. Bí a bá wá kọ ọ́ sínú ìwé pé "okùnfà" ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohun tí èdè wa yóò mú kí ẹni tó ń gbọ́ ọ béèrè ni pé èwo gan-an ló fà á.

Mo rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kan níhìn-ín, màmá kan jókòó ti ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo ń ka ìwé ìwádìí fún un kó tó fọwọ́ sí i. Bàbá náà kò lè sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá òsì, wọ́n sì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí aṣọ tí wọ́n ká bí ìrọ̀rí. Mo kà á dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé lára okùnfà àrùn yìí ni iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lẹ́yìn tí ó ti jinná. Màmá dá mi dúró, ó ní, "Ṣé èmi ni mo ṣe é nìyẹn? Èmi ni mo máa ń gbé iyọ̀ síwájú wọn." Nǹkan tí ìwádìí sọ pé ìdá 5.3 ni tirẹ̀, nínú àrùn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán, ni obìnrin yìí gbé karí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì dì í lé e lórí. Ẹlòmíràn ò ní gba ẹ̀bi náà. Yóò ní bí ó bá ní okùnfà, a jẹ́ pé ẹnìkan ló di okùn náà mú, láti ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọfà àti àfiṣe, tí wọn yóò gbé aláìsàn kúrò níwájú dókítà.

Àbá tèmi ni "afikúnewu". A mú un láti ara "fi kún ewu", a sì fi "a" ṣíwájú rẹ̀ bí a ṣe ṣe nínú "apànìyàn" àti "amúnisìn". Ohun tí ó sọ kò ju ohun tí ìwádìí rí lọ: ewu wà tẹ́lẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, nǹkan yìí sì fi kún un. A ó lè sọ pé "ẹ̀jẹ̀ ríru ni afikúnewu tó ga jù fún àrùn rọpárọsẹ̀", ara kò sì ní ta ẹnikẹ́ni. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí "okùnfà" kò lè fún wa, òun ni pé a lè rí òdì kejì rẹ̀ láìṣòro: nǹkan bí ẹ̀fọ́ jíjẹ àti eré ìdárayá yóò jẹ́ "adínewukù". Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ẹlòmíràn lè kà á sí ewú orí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìwé tí aláìsàn yóò fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ jáde láìní àmì ohùn rárá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni yóò bàjẹ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Kí "okùnfà" wá dúró sí ibi tí ó tọ́ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ, tàbí tí iṣan náà bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú ọpọlọ, ibẹ̀ ni a ti lè sọ láìbẹ̀rù pé okùnfà rẹ̀ nìyí.

Lórí orúkọ àrùn náà, n kò ní sọ púpọ̀. "Ìkọlù" jẹ́ ọ̀rọ̀ ogun àti ti adigunjalè, bí ẹ bá sì sọ "ìkọlù ọpọlọ" fún ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà Ìsìkàn, yóò béèrè ẹni tó fi igi là á lórí. "Rọpárọsẹ̀" ni àwọn ènìyàn mọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀ fún wọn, bí ó tilẹ̀ ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ó fara pẹ́ "rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀" tí àwọn olùfúnni ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ń lò fún àrùn àwọn ọmọdé, àwọn kan sì ń pe méjèèjì ní orúkọ kan náà. Èkejì, tó léwu jù, ni pé apá àti ẹsẹ̀ ni ó dárúkọ, nígbà tó jẹ́ pé inú ọpọlọ ni ọ̀ràn wà. Ìdí nìyí tí àwọn ará ilé fi ń fi òrí wọ́ apá fún aláìsàn nígbà tó yẹ kí ọkọ̀ ti máa gbé e lọ. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, fún ẹni tí ó bá tọ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, kì í sábà wúlò mọ́ bí wákàtí 4 àti ààbọ̀ bá ti kọjá. Nítorí náà, ibikíbi tí orúkọ náà bá ti kọ́kọ́ jáde nínú ìwé, kí a fi gbólóhùn kan tẹ̀ lé e pé àrùn ọpọlọ ni. Ẹ rántí pé wọ́n ti túmọ̀ ìwé ìbéèrè oníbéèrè 8 kan, èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá àrùn náà ti mú ènìyàn rí, sí Yorùbá, Háúsá àti Àkán. Kò gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ nìkan. Ó ń béèrè àmì: ǹjẹ́ apá kan ara yín rọ lójijì, láìsí ìrora? "Lójijì" àti "láìsí ìrora" yẹn ni wọ́n fi ń ya àrùn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára làkúrègbé, bí olùtúmọ̀ bá sì fo ọ̀kan nínú wọn, ìbéèrè náà ti di òmíràn.

"Ìdíjú àrùn" kò bá mi lára mu, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó wọ aṣọ Yorùbá. Ohun tí ó dìjú ni a kò lè tú, kì í sì í ṣe ohun tí a ń sọ níbí nìyẹn. Nǹkan méjì ni mo rò pé ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Àìlera tó kù sára aláìsàn látinú àrùn náà fúnra rẹ̀, bí apá tí kò gbéra mọ́ tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, ni mo fẹ́ kí a pè ní "àṣẹ́kù àrùn". Àìsàn tuntun tó wá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, bí òtútù àyà, egbò ìdùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ni kí a pè ní "àìsàn àtẹ̀lé". Ìyàtọ̀ yìí ní èrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé ọwọ́ ìtọ́jú lè dènà ọ̀pọ̀ àìsàn àtẹ̀lé. Mo ti rí ọmọ tó fi ìfẹ́ rọ ẹ̀kọ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ní ìdùbúlẹ̀, tí bàbá wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n; kò sí ẹni tó tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gbé nǹkan mì. Irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà a sì bẹ̀rẹ̀. Egbò ìdùbúlẹ̀ náà, bí a bá ń yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì méjì, a máa ń lè yẹra fún un. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ní ìdíjú, ẹbí yóò rò pé àrùn náà ló ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, wọn yóò sì káwọ́ gbera.

"Àtubọ̀tán" ni mo bẹ ọ̀gá wa jù lọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ gbà padà. Nínú àdúrà ni a ti ń gbọ́ ọ, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí àtubọ̀tán wa dára, ìdájọ́ sì máa ń wà nínú rẹ̀, bí ẹni pé ìwà ènìyàn ló padà wá bá a. Ìwọ̀n tí àwọn oníwádìí ń lò jù, tí wọ́n ń pè ní Rankin, bẹ̀rẹ̀ láti 0, ẹni tí àmì àrùn kankan kò sí lára rẹ̀, títí dé 6, ẹni tó ti kú; ẹni tó wà ní 3 ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dá rìn. Ọjọ́ 90 lẹ́yìn àrùn ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n. Báwo ni a ó ṣe sọ fún ẹni tó ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń rìn ní oṣù kẹta pé àtubọ̀tán rẹ̀ nìyí? "Àbájáde" dára, ṣùgbọ́n ìwádìí fúnra rẹ̀ ní àbájáde, méjèèjì yóò sì máa kọlu ara wọn nínú gbólóhùn kan náà. Mo dábàá "ìjásí", láti inú "ibi tí ọ̀rọ̀ já sí" tí gbogbo wa ń sọ: "ìjásí aláìsàn ní ọjọ́ 90". Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí oṣù kẹfà lè mú wá.

Ibi tí mo ṣì nílò ìrànlọ́wọ́ yín ni àwọn afikúnewu tí a kò lè yí padà. Ti ọjọ́ orí kò le; a lè sọ pé "bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni ewu ń pọ̀ sí i". Ti ẹbí ni ìṣòro. Àwọn ìwé kan ń béèrè pé, "Ǹjẹ́ àrùn yìí jẹ́ àrùn ìdílé yín?" Ẹ mọ ohun tí "àrùn ìdílé" ń ṣe fún ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ilé rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó wá tọrọ rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dáhùn pé rárá, tí ìdáhùn náà kò fi wúlò fún oníwádìí. Mo ti ń lo "Ǹjẹ́ òbí yín, tàbí ọmọ ìyá yín, tàbí ọmọ bàbá yín, ní irú àìsàn yìí rí?" Ó gùn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń dáhùn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tí kò sì dárúkọ ìdílé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí a tó fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣọwọ́ sí àwọn oníwádìí.