Ta ni yóò máa tọ́jú ètò tó ń ka bátìrì ilé wa?

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka iye iná tó kù nínú bátìrì inverter. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà níta, àwọn tó ń lò ó ló ń dá owó díẹ̀díẹ̀ fún wa. Lóṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan ṣàtúnṣe sí inverter tiwọn láì sọ fẹ́nì kankan. Bátìrì tó wà ní 80% bẹ̀rẹ̀ sí í fi 8% hàn wá. Ní aago méjì òru, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ torí ó rò pé bátìrì ti fẹ́ tán, bátìrì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún! Òru mẹ́rin ni mo fi jókòó ti okùn RS485, èyí tó so kọ̀ǹpútà mọ́ inverter, nílẹ̀ pálọ̀ kí n tó rí i: ètò wa ṣì ń pín nọ́ńbà náà sí mẹ́wàá, kò sì yẹ ká pín in mọ́ lẹ́yìn àtúnṣe wọn. Owó tí wọ́n dá lóṣù yẹn ò tó dátà tí mo jó. Ó ti ń rẹ̀ mí. Ṣé ká máa gbowó ni?

Ìyá Ìbejì, Jámánì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ evcc la fi ń gba iná sí mọ́tò oníná nílé wa. Tí oòrùn bá mú iná wá ju ohun tí ilé ń lò lọ, ó máa ń darí èyí tó ṣẹ́kù sínú mọ́tò. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, àmọ́ àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò ní bá ṣiṣẹ́ àfi téèyàn bá ń dá owó fáwọn tó ń kọ ọ́. Mò ń san án, kò sì dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́:
Ẹ wo Home Assistant, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Paulus Schoutsen bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2013. Ní 2018 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nabu Casa sílẹ̀. Ètò náà ò gba kọ́bọ̀. Ìrọ̀rùn ni wọ́n ń tà, kéèyàn wà níbi iṣẹ́ kó máa rí ilé rẹ̀ láì ṣe wàhálà. Ibẹ̀ lowó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá. Ní 2024, wọ́n fa iṣẹ́ náà lé àjọ Open Home Foundation lọ́wọ́ ní Switzerland, kí olówó kan má bàa rà á mọ́ aráyé lọ́wọ́. Àbúrò, má ti kóòdù yín mọ́lé. Àwọn tó ń bá èèyàn so sólà ni kó o lọ bá, iṣẹ́ yín ni wọ́n fi ń jẹun.

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti pe ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀ yìí. Ó ní òun á máa sanwó lóṣooṣù, kí n ṣáà máa gbé fóònù tóun bá pè lóru. Mo ní rárá o, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni. Ó gbà.