Ìtọ̀ máa ń já bọ́ lára mi bí mo bá sín, ẹ gbà mí níyànjú

Ìyá Aisha, Kubwa:
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ojúmọ́. Mo bí ọmọ kẹta lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà tóbi, ìrọbí sì pẹ́ gan-an. Láti ìgbà náà, bí mo sín, bí mo wúkọ́, bí mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ìtọ̀ á já bọ́. Ti ìrun ló ń dùn mí jù: mo forí kanlẹ̀, ó jò, àlùwàlá bàjẹ́. Mo ti dín omi mímu kù, kò gbọ́. Aládùúgbò kan ní kí n máa jókòó sórí omi gbígbóná tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí. Mi ò tíì lè sọ fún ọkọ mi. Ṣé bí abiyamọ ṣe ń rí náà nìyí, àbí ó ní ìtọ́jú?

Ìyá Ìbejì, Nyanya:
Ó ní ìtọ́jú o! Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ wa, ìtìjú ni ò jẹ́ ká sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi álọ́ọ̀mù kan ojú ara, ó lè dá egbò síbẹ̀. Omi gbígbóná náà ti bó abiyamọ rí.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Gwagwalada:
Àbúrò mi, kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ṣé ìgbà tó o bá sín tàbí gbé ẹrù nìkan ló ń jò, àbí tọ̀sán-tòru, kódà lójú oorun? Ìrọbí rẹ tó pẹ́ ni mo rò tí mo fi bi ọ́. Bí orí ọmọ bá tẹ àpò ìtọ̀ mọ́ egungun fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ mọ́, ẹran ibẹ̀ á kú, á sì lu. Ìtọ̀ á wá máa ṣàn láìdúró. Òun ni àwọn Haúsá ń pè ní yoyon fitsari. Eré ìdárayá kì í dí ihò yẹn, iṣẹ́ abẹ ni. Àmọ́ bí wọ́n bá tètè rí i tí ihò ṣì kéré, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ lè jẹ́ kó san láìṣiṣẹ́ abẹ. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwòsàn fún un ní Babbar Ruga ní Katsina, àti ní Ningi ní ìpínlẹ̀ Bauchi.

Ìyá Aisha:
Rárá o, màmá. Bí mo bá sùn, kì í jò.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Gwagwalada:
A dúpẹ́. Ó jọ pé iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ dúró ló dẹ̀. Oyún àti ìbímọ ló ń fa èyí jù; ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ líle àti sísanra jù máa ń dá kún un. Eré ìdárayá tó ń mú iṣan náà le nìyí: fún un pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ àti ìsó dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Má fún ìdí tàbí itan, má sé èémí. Ka ení, èjì, títí dé ẹ̀jọ bó o bá lè dé ibẹ̀, kó o tú u sílẹ̀, kó o sinmi. Ó kéré tán ìgbà 8 ní ìjókòó kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù 3. Oṣù kìíní lè kọjá kó o má rí ìyàtọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi í sílẹ̀, ó sì máa ń dùn mí. Bí sísín bá ń bọ̀, tètè fún un ṣáájú. Má sọ ọ́ dàṣà láti máa ṣe é nígbà tó o bá ń tọ̀ lọ́wọ́.

Omi, máa mu ún! Bí omi bá kéré lára, ìtọ̀ á máa ta àpò rẹ̀, ìgbẹ́ náà á le. Lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ti ṣúgà pẹ̀lú, torí àkóràn àti ìtọ̀ ṣúgà lè wà nídìí ẹ̀. Bí oṣù 3 bá pé tí kò yí padà, bá physiotherapist (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan) tàbí dókítà àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ abẹ tó ń gbé ojú ọ̀nà ìtọ̀ ró wà fún ẹni tí eré yìí ò bá ràn lọ́wọ́.

Àǹtí Fúnmi, Kàdúná:
Tèmi kì í ṣe ti sísín. Mo ti lé ní 50. Bí ìtọ̀ bá ti gbọ̀n mí báyìí, mi ò ní lè dé ilé ìgbẹ́. Dókítà ní àpò ìtọ̀ ló ń súnkì kó tó kún. Ó ní kí n dín tíì kù, kí n máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sún ìgbà tí mo fẹ́ tọ̀ síwájú, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Oògùn tó fún mi ń gbẹ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ti lè wọkọ̀ wá sí Àbújá.

Alhaja, Kano:
Ọmọ mi, má tìtorí èyí fi ìrun sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró a máa fọ ibẹ̀, a dì í, a ṣe àlùwàlá tuntun bí àkókò ìrun kọ̀ọ̀kan bá wọlé, a sì kírun bó tilẹ̀ ń jò. Tìrẹ tó ń wá tó ń lọ, sọ ọ́ bó ṣe rí fún alfa kó ṣàlàyé. Kó o sì sọ fún ọkọ rẹ, òun ló máa sin ọ́ lọ sílé ìwòsàn.

Ìyá Aisha:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣì ń fún ọmọ lọ́yàn, ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ eré náà?

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Gwagwalada:
Bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìgbà tó o bá ń fún un lọ́yàn gan-an lo lè máa ṣe é, o ò ní gbàgbé.