Àbọ̀: Ìdí tí tiransísítọ̀ pọ́ǹpù omi mi fi ń jóná

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo bèèrè ìdí tí tiransísítọ̀ BC547 (ẹ̀yà kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á) tó ń darí relay 12 V (swíìṣì tí kọ́ìlì wáyà inú rẹ̀ ń fi agbára òòfà tàn tàbí pa) fún pọ́ǹpù kànga wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ń jóná lemọ́lemọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé relay náà kì í fà ju 30 mA lọ, tí tiransísítọ̀ náà sì lè gbé 100 mA.

Dáyóòdù, ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá, ni ìdáhùn. Mo fi òjé jó dáyóòdù 1N4007 kan mọ́ ẹsẹ̀ kọ́ìlì relay méjèèjì, apá tó ní ìlà funfun kọjú sí 12 V, apá kejì sì wà lára kọlẹ́kítọ̀ (ẹsẹ̀ tiransísítọ̀ tó so mọ́ kọ́ìlì). Bí tiransísítọ̀ bá ti pa kọ́ìlì, iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ń yí po gba inú dáyóòdù títí yóò fi tán, dípò kí fóltéèjì fò kọjá 45 V tí BC547 lè fara dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ọ̀kan ò tíì jóná. (Mo kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ òdì, tiransísítọ̀ kan sì bá a lọ lójú ẹsẹ̀.)

Ìmọ̀ràn pé kí n lo tiransísítọ̀ 2N2222 tó lágbára jù ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀: ó pẹ́ ju BC547 lọ, ṣùgbọ́n òun náà jóná níkẹyìn.

Nítorí dáyóòdù yìí, relay ń pẹ́ díẹ̀ kó tó pa pọ́ǹpù báyìí. Zener 24 V (dáyóòdù tó ń jẹ́ kí iná gba òdì kọjá bí fóltéèjì bá dé 24 V) tí a bá tò mọ́ dáyóòdù náà yóò mú un yá, kọlẹ́kítọ̀ yóò sì rí nǹkan bíi 37 V, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù omi kò nílò irú ìyára bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì fi í sí i.