Oògùn Parkinson tí kì í jẹ́ lọ́sàn-án

ÀrẹmọÌtòkò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá ẹni ọdún 74 ni, àrùn Parkinson (àrùn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì ń mú ara le) ló ń ṣe wọ́n, oògùn levodopa pẹ̀lú carbidopa ni dókítà kọ fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ti aago 6 àárọ̀ máa ń jẹ́ dáadáa, ọwọ́ á dẹwọ́ gbígbọ̀n. Ti ọ̀sán ni kì í jẹ́, pàápàá tí wọ́n bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín. Ẹsẹ̀ wọn á lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ṣé ká fi ìdajì kún un ni?

Apòògùn_Kútọ̀: Ẹ má fi kún un o. Àsìkò ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Purotéènì inú ẹ̀wà, ẹran, ẹyin àti mílíìkì máa ń bá levodopa du ọ̀nà nínú ìfun, á tún bá a du ibi tó ń gbà wọ ọpọlọ. Aago 12 ni kí wọ́n lo oògùn pẹ̀lú ife omi kan, kí oúnjẹ di aago 12 ààbọ̀. Tí wọ́n bá ti jẹun ṣáájú, ẹ dúró fún wákàtí kan. Láfún àti ewédú tó fún ọ̀sán. Ẹ̀wà àti ẹja, ó di alẹ́. Kì í ṣe pé kí wọ́n pa ẹran tì o, àgbà tó bá ń rù kò ní lágbára àtidìde. Tí èébì bá ń gbé wọn, bisikíìtì díẹ̀ tó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, ẹ fi wákàtí méjì sáàárín òun àti levodopa.

Nọ́ọ̀sì_Lántòrò: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n nípa ìgbẹ́, torí tí ìgbẹ́ bá há, oògùn á pẹ́ nínú ikùn kó tó dé ìfun. Omi àti ìbẹ́pẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wọn ní metoclopramide nítorí èébì: ó ń dènà iṣẹ́ oògùn yìí nínú ọpọlọ, ara á tún le sí i. Àgbo wèrèpè ńkọ́? Levodopa wà nínú èso rẹ̀ lóòótọ́, ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ lò ó pọ̀ mọ́ ti dókítà.

Ní ti ẹnu ọ̀nà, ẹ lẹ téèpù pupa mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà, ìṣísẹ̀ kan sí ara wọn, kí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ẹ má fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ṣubú.

ÀrẹmọÌtòkò: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé a lè lọ̀ ọ́, torí gbígbé rẹ̀ mì ń nira?

Apòògùn_Kútọ̀: Ẹ wo páálí rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ (CR), ẹ má lọ̀ ọ́ rárá, gbogbo rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ ti gbígbé mì yẹn fún dókítà, kẹ́ ẹ sì má dá oògùn dúró lójijì.